Bí ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ ní "Nigeria, We Hail Thee" tí kò fi ní máa há a lẹ́nu

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní national anthem tí wọ́n dá padà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Ẹ wá ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nínú ilé, ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, kí wọ́n kọ ọ́ sí ọmọ létí, torí àwọn ló kọ ọ́ ní ásẹ́ńbílì nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, orin yẹn la lò láti October 1, 1960 títí di 1978, ó ṣì wà lórí wọn digbí. Kí ọmọ máa kùn ún tẹ̀lé wọn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kó má tíì pe ọ̀rọ̀ kankan.

Tó bá ti mọ ohùn, ẹ jẹ́ kó máa pàtẹ́wọ́ ka sílébù, ibí gan-an niṣẹ́ wà. Ẹsẹ mẹ́ta ni orin náà, ìlà mẹ́fà mẹ́fà, ìlà kìíní sílébù 7, ìkejì 6, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, 7, 6, 7, 6, bí orin ṣọ́ọ̀ṣì (ẹni tó ń lo ìwé orin á ti rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí). Ẹ kà á: Ni-ge-ri-a we hail thee, 7 ló pé yẹn. Àmọ́ Nà-ì-jí-rí-à ló wà lẹ́nu àwa Yorùbá, ìyẹn nìkan ti jẹ́ 5, lọ́mọ bá ṣẹ́kù sẹ́yìn kí wọ́n tó dé ìlà kejì. Ẹ sọ fún un pé 4 ni níbẹ̀rẹ̀ orin, tó bá wá di ìparí ẹsẹ kẹta, "Nigeria may be blessed", ó ti fún pọ̀ di 3 nìyẹn, Ni-ge-ria. Ìlà karùn-ún nínú ẹsẹ kìíní náà fi ẹyọ kan lé, 8 ni (3 ni Ni-ge-rians ibẹ̀ náà), kó yára díẹ̀ níbẹ̀. Tí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá ti mọ́ ọn lẹ́nu, ìyókù ò le.

Kẹ́ ẹ tó dá orin, ẹ wá ibi tí ohùn ti ga jù nínú ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ohùn ọmọ á débẹ̀, tí kò bá dé ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀.

Ìtàn ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi pamọ́ fún wọn o. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì ló ṣe é, Lillian Jean Williams ló kọ ọ̀rọ̀, Frances Benda ló fi ohùn sí i. Àwọn kan ti ń bínú sí i látijọ́, wọ́n ní a ti gbòmìnira, kí ló dé tó tún jẹ́ òyìnbó ló ń bá wa kọ orin wa, wọ́n tún ní "native" àti "tribe" inú ẹ̀ ò dáa létí. Èmi gbà pé wọ́n jàre. Ní 1978, lábẹ́ ìjọba ológun Ọbásanjọ́, wọ́n gbé "Arise, O Compatriots" wọlé, ọ̀rọ̀ tí èèyàn márùn-ún kọ ni wọ́n ṣà pọ̀ (ọ̀kan nínú wọn, Babatunde Ogunnaike, padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà), Benedict Odiase tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin àwọn ọlọ́pàá ló ṣe ohùn ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ṣẹ̀ fi máa ń fẹ́ yan bí sọ́jà téèyàn bá gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yan sí ti Odiase yìí lóòótọ́, kí wọ́n wá dúró jẹ́ẹ́ kọ ti àkọ́kọ́, wọ́n á mọ̀ pé ìrìn àwọn méjèèjì ò jọra, torí àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù ni pé wọ́n ń sáré kọ "We Hail Thee" bí ẹni ń yan.

May 29, 2024 ni Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin tó dá a padà. Ìyẹn ò ní ká wá gbàgbé ti Odiase, ẹ ṣì kọ́ wọn, àti "Dìde, ẹ̀yin ará" tá a fi ń kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ẹsẹ kẹta ni kẹ́ ẹ fi pẹ́ jù, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kì í ti kọ ọ́ débẹ̀. Àdúrà ni. Ẹ túmọ̀ "where no man is oppressed" fún ọmọ kó tó há a sórí: ibi tí wọn ò ti ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kó sọ ọ́ padà fún yín lẹ́nu ara ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá jọ kọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.