Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Tètè Dógùn-ún, Tí Kò Sì Wọ́n: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àsìkò òjò ni ìbéèrè lórí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dáhùn oníbàárà tó bá dúró níwájú mi. Àwọn tó bi mí kò fẹ́ ná owó rẹpẹtẹ, wọn kò sì fẹ́ máa pààrọ̀ ṣéènì lemọ́lemọ́. Méjèèjì ṣeé ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àgbádárìgì ni mò ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí òkun. Mo ra ṣéènì tuntun, kò tíì pé oṣù kan tó ti dógùn-ún látòkè délẹ̀. Mi ò tilẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde nínú òjò rí. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iyọ̀ ni, ìyá mi. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń gbé iyọ̀ kíún-kíún wá. Ó ń bà lé irin, ibẹ̀ ló sì ti ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ lè gbé kẹ̀kẹ́ sí abẹ́ òrùlé kí òjò má kàn án rárá, síbẹ̀ omi iyọ̀ á wà lára ṣéènì rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ohun kejì ni irú èyí tí ẹ rà. Ṣéènì tí owó rẹ̀ kéré jù lórí àtẹ ni èyí tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Wọn kò fi nǹkan kan bò ó. Ọ́ìlì tí wọ́n fi kùn ún láti ilé iṣẹ́ nìkan ló ń ṣọ́ ọ, tí ọ́ìlì yẹn bá sì ti nù kúrò, irin lásán ló kù. Ní ìlú tó jìnnà sí òkun, ẹni tó ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè lo irú rẹ̀ kó pẹ́. Ní Àgbádárìgì, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà á.

Èyí tí wọ́n fi níkẹ̀lì tàbí síǹkì bò ni kí ẹ wá. Níkẹ̀lì ń dán, ó sì ń dí omi lọ́nà, àmọ́ ibikíbi tí nǹkan bá ti ha á dé inú irin, ibẹ̀ ni ìdógùn-ún á gbà wọlé. Síǹkì kì í dán tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi ta yọ ni pé ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jẹ òun kó tó jẹ irin, kódà níbi tí ojú rẹ̀ ti ha. Púpọ̀ nínú páànù òrùlé ilé wa, síǹkì kan náà ni wọ́n fi bò ó. Tí ẹ bá rí ẹ̀tù funfun lára ṣéènì oní-síǹkì, ẹ má fi nǹkan ha á. Síǹkì ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ KMC ti Taiwan máa ń kọ EPT tàbí RB sára páálí àwọn ṣéènì tí wọ́n ṣe láti kojú ìdógùn-ún, ó sì wà nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Gbogbo èyí tó ń dán ni ọlọ́jà ń pè ní súténléèsì, ìyẹn irin tí kì í tètè dógùn-ún, fún mi. Báwo ni mo ṣe lè mọ òótọ́ nídìí àtẹ? Ẹnì kan ní kí n mú òòfà dání.

Ìdáhùn: Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń dán yẹn, irin lásán tí wọ́n fi níkẹ̀lì bò ni. Kò burú, kí ẹ sáà má san owó súténléèsì lé e. Òòfà kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà fún yín. Irin tí wọ́n fi níkẹ̀lì bò á lẹ̀ mọ́ òòfà, àmọ́ oríṣi súténléèsì kan náà wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá àwọn tí wọ́n mú le.

Ojú ni kí ẹ lò. Ẹ gba ṣéènì náà sọ́wọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí àárín rẹ̀ ṣí díẹ̀, kí ẹ wá wo awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà ní inú, èyí tó fara ti rọ́là, ìyẹn òrùka kékeré tó ń yí láàárín awẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣéènì ló ní awẹ́ òde tó ń dán gbinrin, tí awẹ́ inú rẹ̀ sì dúdú. Òde nìkan ni wọ́n bò, bẹ́ẹ̀ inú ni omi ti ń pẹ́ jù. Tí awẹ́ inú àti awẹ́ òde bá jọ ń dán, ẹ ti rí ohun tó yẹ kí ẹ san owó fún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà funfun nù ún. Tí àwọ̀ bá ṣí sára àkísà, ọ̀dà ni. Ṣéènì pupa, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ wúrà tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, ọ̀dà ló wà lára púpọ̀ nínú wọn. Eyín jíà á bó o láìpẹ́.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára irin pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tó dáa máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sára awẹ́, kò ní fi í mọ sára páálí nìkan. Páálí ṣeé yí.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú tu owó jọ, kí n ra súténléèsì gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, rárá. Súténléèsì tó kọ ìdógùn-ún jù lọ sábà máa ń rọ̀ ju irin tí wọ́n fi iná mú le lọ. Bí píìnì rẹ̀, ìyẹn irin kékeré tó so awẹ́ pọ̀, bá ṣe ń jẹ ni ṣéènì á máa gùn, ẹ ó wá gbé e sọ nù nígbà tí kò tíì dógùn-ún rárá. Owó ọ̀kan ṣoṣo á sì ra oní-níkẹ̀lì bíi mélòó kan. Kẹ̀kẹ́ tó wà létí òkun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn, irú èyí tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń gbé kalẹ̀ fún àlejò, ìyẹn nìkan ni mo lè gbà pé súténléèsì bá mu.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ mi ní jíà 7 lẹ́yìn. Wọ́n bá mi wá ṣéènì oní-níkẹ̀lì tó dáa, àmọ́ ó ń ha, ó sì ń fò. Ṣé kí n máa fara dà á, ó ṣáà dáa fún òjò?

Ìdáhùn: Má fara dà á, àbúrò. Ṣéènì tó fẹ̀ jù ni wọ́n tà fún ọ. Láti píìnì kan sí èkejì, ìdajì íǹṣì ni lára ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí à ń lò lónìí, ìyẹn 12.7 mm. Ìdí nìyẹn tó fi jọ pé gbogbo wọn bára mu. Ìbú wọn ló yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ju jíà kan lọ sábà máa ń lo èyí tí wọ́n kọ 1/2 x 1/8 sí lára páálí. Kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀ bíi tìrẹ, 1/2 x 3/32 ni. Ní ti jíà 6, 7 àti 8, ìbú ṣéènì láti ìta sí ìta máa ń jẹ́ bíi 7.1 mm, ti jíà 9 jẹ́ bíi 6.6 mm, ti 10 sì jẹ́ bíi 5.9 mm. Bó bá ṣe ń tín-ín-rín sí i ni owó rẹ̀ ń gòkè.

Tìrẹ rọrùn, nítorí ṣéènì kan náà ló wà fún jíà 6, 7 àti 8, irú bíi Shimano CN-HG40, kò sì ṣòro láti rí. Wá ìwọ̀n yẹn kó o tó wá níkẹ̀lì. Ṣéènì tí kò bá jíà mu, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ara ha eyín jíà títí níkẹ̀lì tó o sanwó fún á fi bó tán.

Ìbéèrè: Ṣéènì mi ń dán bíi pé àná ni mo rà á, àmọ́ ó ń ké, ẹ̀tù pupa kan sì ń jáde láàárín awẹ́ rẹ̀. Mo ń tọ́jú rẹ̀ o: ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, tí mo tún ń fi ọṣẹ ìfọṣọ ṣàn án.

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè èyí, torí òun ló ń ba ṣéènì jẹ́ jù, àwọn èèyàn kì í sì í rí i. Ẹ mú oríkèé kan ṣoṣo sún mọ́ ojú. Píìnì kan gba àárín rẹ̀ kọjá, awẹ́ méjì wà lóde, méjì wà nínú, rọ́là sì ń yí láàárín wọn. Lára awẹ́ ni níkẹ̀lì wà. Nínú ihò tí píìnì gbà kọjá, irin ń ha irin nígbàkígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, kò sí ohun tí wọ́n fi bò ó tó lè dúró níbẹ̀. Gíríìsì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ nílé iṣẹ́ nìkan ni ààbò tó ní.

Gíríìsì yẹn ni bẹntiróòlù yín fọ̀ jáde. Omi ọṣẹ wá rọ́pò rẹ̀. Píìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ihò rẹ̀ gbẹrẹfu, ẹ̀tù irin ń bọ́, ẹ̀tù náà ń dógùn-ún, ó sì ń jáde ní pupa láàárín awẹ́ tó ń dán. Ẹ̀tù yìí kan náà tún ń lọ píìnì sí i. Kò sí níkẹ̀lì tàbí síǹkì tó lè dá èyí dúró. Ọ́ìlì inú oríkèé ni.

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa kán ọ́ìlì ẹyọ ẹyọ sórí rọ́là kọ̀ọ̀kan láti apá inú. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ọ́ìlì lè ráyè wọlé, kí ẹ wá fi àkísà nu òde rẹ̀ gbẹ. Ọ́ìlì òde kò wúlò fún nǹkan kan ju kó máa kó yanrìn jọ lọ. Láti ìsinsìnyí lọ, àkísà àti ọ́ìlì ti tó. Ẹ fi bẹntiróòlù sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ra tuntun, kó má fọ gíríìsì ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Ní ti irú ọ́ìlì: tí ẹ kò bá rí ọ́ìlì ṣéènì rà, ọ́ìlì ẹ́ńjínnì tuntun díẹ̀ á ṣe é. Kóńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì tí wọ́n ń fà fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má gbà á. Ẹ̀tù irin àti ásíìdì wà nínú rẹ̀. Epo pupa àti òróró á dì mọ́ ṣéènì, wọ́n á sì máa lẹ̀. WD-40, èyí tí wọ́n ń fín láti inú agolo, ń lé omi jáde dáadáa lẹ́yìn òjò, àmọ́ kì í pẹ́ lára irin, ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì tẹ̀lé e. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má rẹ ṣéènì sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà nítorí pé ó ń bó ìdógùn-ún. Ásíìdì lè sọ irin tí wọ́n mú le di ẹlẹgẹ́, ó sì lè já lábẹ́ ẹsẹ̀ yín láàárín títì.

Ìbéèrè: Ṣéènì àtijọ́ mi ti dógùn-ún, ṣé ó ṣì ṣeé gbà là?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ ojú òde nìkan ló pupa, tí gbogbo oríkèé sì ń ṣẹ́ geere, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ fi ọ́ìlì sí i bí mo ṣe wí lókè. Oríkèé kan tàbí méjì tó le gan-an ṣeé fi ọwọ́ rọ́ síbí sọ́hùn-ún títí yóò fi rọ̀. Tí ìdógùn-ún bá ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sára awẹ́, ẹ gbé e sọ nù.

Kí ẹ tó náwó tàbí wàhálà sí i, ẹ wọ̀n ọ́n. Rúlà irin ni kí ẹ lò. Ẹ fi òdo rẹ̀ sí àárín píìnì kan, kí ẹ ka oríkèé 24 síwájú. Lára ṣéènì tuntun, àárín píìnì tó gbẹ̀yìn á bọ́ sí íǹṣì 12 géérégé. Tó bá ti kọjá íǹṣì 12 pẹ̀lú ìdá kan nínú 16, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti tó íǹṣì 12 pẹ̀lú ìdá kan nínú 8, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín jíà ẹ̀yìn náà, ṣéènì tuntun á sì máa fò lórí rẹ̀. Ibẹ̀ lowó ti ń di púpọ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kó débẹ̀.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Kò sí òkun nítòsí mi, síbẹ̀ ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ṣéènì kan tán.

Ìdáhùn: Iyọ̀ ló tún dé, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín má bàa dì, táyà yín á sì ta á sára ṣéènì pẹ̀lú omi. Ẹ ra èyí tí wọ́n bò lòdì sí ìdógùn-ún, kí ẹ lo ọ́ìlì tó ki díẹ̀, irú tí wọ́n ṣe fún ojú ọjọ́ olómi. Tí ẹ bá délé, ẹ da omi lásán lé e, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ọ́ìlì sí i. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, á ti iyọ̀ wọnú oríkèé.

Tí kẹ̀kẹ́ yín bá jẹ́ oníjíà kan, tàbí tí jíà rẹ̀ wà nínú ìdí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi ìbora oníke tàbí onírin bo ṣéènì yí ká. Àwọn ará Netherlands ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ wọn, ṣéènì lásán sì ń pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí pé ìbora yìí ni àwa fi ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ títú nǹkan kúrò lára kẹ̀kẹ́, tí a bá ti ní ó ń ké.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti so ṣéènì mi pọ̀ nìkan ló dógùn-ún?

Ìdáhùn: Ìdè tí wọ́n fi so ó kò bá ṣéènì náà wá, irin lásán ni wọ́n wá kún un. Ẹ ra ìdè tí wọ́n fi níkẹ̀lì bò, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá jíà yín mu. Tó bá jẹ́ oní-kílíìpù ti kẹ̀kẹ́ oníjíà kan, ẹ rí i pé ẹnu kílíìpù tó là kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ṣéènì ń lọ, kó má bàa yọ lójú ọ̀nà.