Bí a ṣe ń gbin igi horse chestnut láti inú èso rẹ̀, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, ìdí igi horse chestnut nínú àwọn ọgbà ìtura ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kún fún èso pupa rúsúrúsú tó ń dán. Kọ́ńkà làwọn ọmọ ń pè é. Wọ́n á lu ihò sí i nínú, wọ́n á ki okùn bọ̀ ọ́, ẹnì kan á fi tirẹ̀ gbá ti ẹnì kejì títí ọ̀kan á fi fọ́. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje àgbáyé eré yìí ní Northamptonshire. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá kó kọ́ńkà kún àpò wálé lè sọ ọ̀kan nínú wọn di igi, owó kékeré ni yóò sì ná an.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú: kọ́ńkà kì í ṣe jíjẹ, májèlé wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yan tà nígbà òtútù jẹ́ èso igi mìíràn, sweet chestnut. Ara èèpo sweet chestnut kún fún ẹ̀gún tín-ín-rín dọ́gba-dọ́gba. Èèpo kọ́ńkà nípọn, ẹ̀gún rẹ̀ kúrú, ó sì jìnnà síra. Ẹ wo ewé náà pẹ̀lú: ti horse chestnut, ọmọ ewé márùn-ún sí méje ló ń yọ láti ojú kan. Bí ọmọdé bá jẹ kọ́ńkà, ẹ tẹ 111 (nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ìlera NHS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) láìfi falẹ̀. Bí ajá bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ṣíṣa èso

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni kí ẹ ṣa, tó wúwo lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ ń dán. Bí a ti ń fi ewé di obì kó má baà gbẹ ni a ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú kọ́ńkà. Àgbàdo ṣeé sá gbẹ kí a fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńkà tó bá gbẹ ti kú. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi mọ́jú. Ẹ da èyí tó bá léfòó nù, kí ẹ mú èyí tó rì. Ẹ gbin márùn-ún tàbí mẹ́fà bí ọ̀kan ṣoṣo tilẹ̀ lẹ fẹ́, nítorí gbogbo wọn kọ́ ni yóò hù.

Òtútù rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀

Kọ́ńkà nílò òtútù fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó lè hù. Orí òkè Gíríìsì, Albania àti North Macedonia ni igi yìí ti ṣẹ̀ wá, ìgbà òtútù sì wà nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá ń ronú àtigbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú pé kó má ṣe é. Ooru ilé wa kò bá a lára mu, igi tó yẹ ilẹ̀ wa sì pọ̀ nílé.

Ẹ lè di kọ́ńkà mọ́ iyanrìn tútù nínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì (kì í ṣe inú fírísà) títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá bu, ẹ yọ ọ́ kó má ran ìyókù. Èyí tó tún rọrùn jù ni kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e síta kí òtútù ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku ni ẹ óò ṣọ́. Ẹ ta àwọ̀n onírin bò ó dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á hú u jẹ kí Kérésìmesì tó dé.

Nínú ìkòkò

Ìkòkò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni kí ẹ lò, tó ní ihò nídìí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń sáré lọ sísàlẹ̀. Ẹ gbin kọ́ńkà sí ìjìn bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ dojú àmì ràbàtà tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun kọ ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń jáde. Kí ilẹ̀ inú ìkòkò tutù, kó má kún fún omi.

Bí oṣù kẹrin bá wọlé, ẹ óò rí ọ̀mùnú tó nípọn. Kọ́ńkà fúnra rẹ̀ kì í jáde sókè, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ́ ọmọ igi náà. Ẹ má wà á wò o.

Ibi tí yóò dúró títí

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Igi yìí lè ga ju mítà 30 lọ, ó sì lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tàbí mẹ́ta láyé. Ẹ̀yìnkùlé kékeré tó wà láàárín ilé tó so mọ́ra kò lè gbà á. Ó yẹ kí àyè tó tó mítà 20 wà láàárín òun àti ilé, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, torí gbòǹgbò igi ńlá máa ń fa omi inú amọ̀ títí ìpìlẹ̀ ilé á fi sọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ náà máa ń dá já. Bí ẹ kò bá ní ilẹ̀, ẹ bá àwọn tó ni pápá ilé ìwé sọ̀rọ̀, tàbí ìjọ yín tó ní ilẹ̀ gbalasa.

Láàárín oṣù kọkànlá sí ìkẹta, nígbà tí ewé ti wọ́, ni kí ẹ gbìn ín sílẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, kó má jìn ju gbòǹgbò rẹ̀ lọ. Ẹ ri òpó kúkúrú mọ́ ọn, kí ẹ da ewé tàbí igi gígé wẹ́wẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká láìjẹ́ kó kan ara igi. Fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín gan-an nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ti horse chestnut náà kò yàtọ̀. Nígbà tí ẹ̀ka kò tíì nípọn ni kí ẹ gé èyí tó ń há ara wọn mọ́, ní òpin ìgbà òtútù, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ẹ ti fọ̀. Ọgbẹ́ ńlá lára igi yìí kì í tètè san.

Òdòdó rẹ̀ lè gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó ń dúró dè, kó lọ sí Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín oṣù karùn-ún, níbi tí ayàwòrán-ilé Christopher Wren ti to igi yìí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì ní 1699. Ẹ sún mọ́ òdòdó kan: àmì ìyeyè tó wà nínú rẹ̀ máa ń di pupa bí oyin bá ti bà á tán, oyin á sì mọ̀ pé kò sí oúnjẹ níbẹ̀ mọ́. Ẹwà yìí ló jẹ́ kó dùn mí pé láti 2019 ni wọ́n ti ka igi yìí mọ́ àwọn tí ewu ń wu ní Yúróòpù.

Ewé tó ń gbẹ láìtó àsìkò

Kòkòrò kan ló wà nídìí ewu yẹn, àfòpiná kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ rí lẹ́bàá adágún Ohrid, láàárín Albania àti North Macedonia. Ó dé Wimbledon ní 2002. Inú ewé ni ìdin rẹ̀ ń gbé, tó ń jẹun láàárín awọ òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí ewé á fi di àwọ̀ ilẹ̀ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Àrùn ewé kan wà tó jọ ọ́. Láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ gbé ewé náà sókè kọ oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá lójú àbàwọ́n náà, tí ẹ rí ìdin tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ nínú, kòkòrò ni.

Kì í pa igi, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èso tóbi. Oògùn fífín kò wúlò lórí igi tó ga tó báyìí. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ewé gbígbá. Inú ewé tó wọ́ ni kòkòrò ń sùn sí títí òtútù á fi kọjá. Ẹ gbá gbogbo rẹ̀ kí ó tó di oṣù kejìlá, kí ẹ kó o sínú garawa ìdọ̀tí ọgbà ti káńsù, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Ẹ bá aládùúgbò tó ní irú igi náà sọ̀rọ̀ kí òun náà gbá tirẹ̀.

Èèpo tó ń sun omi

Bí omi dúdú tàbí àwọ̀ ìpẹtà bá ń ṣàn lára èèpo, àrùn bakitéríà kan ni, kò sì tíì ní oògùn. Ẹ má sáré gé igi náà, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń bọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ka tó ti kú bá yọ sí ojú ọ̀nà, ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ igi. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ bi káńsù bóyá òfin ń dáàbò bo igi náà, torí gígé irú igi bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ lè mú owó ìtanràn wá.

Ládùúgbò tí àfòpiná ti gbilẹ̀, Aesculus indica, ìbátan rẹ̀ láti orí òkè Himalaya, ni mo máa gbìn. Kòkòrò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, òdòdó rẹ̀ sì ń yọ ní oṣù kẹfà, nígbà tí ti èkejì ti wọ́ tán.