Bí A Ṣe Ń Tọrọ Ìdáríjì Lọ́wọ́ Ará Nínú Olúwa

Kò sí ohun tó burú nínú kí a sọ pé "ẹ má bínú" fún ẹni tí a tẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí nígbà tí a bá pẹ́ dé ìpàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá purọ́ mọ́ ènìyàn, tí a tú àṣírí rẹ̀, tàbí tí a jẹ owó rẹ̀, gbólóhùn yẹn nìkan kò tó. Ẹni tó sọ ọ́ lè sọ ọ́ tán kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì ní láti dúró gbọ́ èsì.

Kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí o ṣe, kí o má sì fi "bí mo bá ṣẹ̀ ọ́" bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń jiyàn. Ká ní arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fi ọ̀rọ̀ oyún rẹ̀ tó bàjẹ́ hàn ọ́, tí o sì sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ohun tí ó yẹ kí o sọ nìyí: "Ọ̀rọ̀ oyún tí o bá mi sọ, èmi ni mo sọ ọ́ létí àwọn akọrin. O kò rán mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí." Dákẹ́ síbẹ̀. Má fi kún un pé àdúrà ni o fẹ́ kí wọ́n bá a gbà. Àwa ará ìjọ mọ bí a ṣe ń fi àdúrà bo òfófó.

Sọ́ọ̀lù jẹ́wọ́ nínú 1 Sámúẹ́lì 15 pé òun ṣẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà ló bẹ Sámúẹ́lì pé kó bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbààgbà. Nígbà tí wòlíì Nátánì ko Dáfídì lójú lórí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, Dáfídì kò wí àwíjàre kankan.

Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Mátíù 5:23-24 ní kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí a kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa làjà, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kò lè rọ́pò ìwọ fúnra rẹ. Fífi àgbà bẹni dára nínú àṣà wa, pàápàá bí ẹni náà kò bá fẹ́ rí ọ sójú. Àwọn arákùnrin Jósẹ́fù pẹ̀lú ránṣẹ́ ṣáájú, síbẹ̀ àwọn náà wá wólẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń nira jù ni kí àgbà tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọdé. Bàbá tó bá ọmọ rẹ̀ wí láìṣẹ̀ á kàn bi í lálẹ́ pé, "Ṣé o ti jẹun?", ọmọ náà á sì ní láti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kò pọn dandan kí bàbá dọ̀bálẹ̀. Kó pe ọmọ náà jókòó, kó sì sọ pé, "Mo nà ọ́ lórí ohun tí o kò ṣe, dárí jì mí," nítorí ọmọ tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé yóò ṣòro fún un láti sọ ọ́ níta.

Lẹ́yìn èyí, tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe. Sákéù agbowó-orí ṣèlérí láti san ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́ yóò dá a padà. Ẹni tó parọ́ mọ́ ènìyàn yóò padà sọ́dọ̀ àwọn tó parọ́ náà fún.

Bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá ní kí o fún òun láyè, fún un. Má ka Lúùkù 17:4, tó ní ká dárí ji ẹni tó bá ronú pìwà dà, sí i létí, nítorí ẹni tí a ṣẹ̀ ni Jésù ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀. Má sì rán pásítọ̀ láti lọ bi í pé kí ló dé tí kò tíì máa kí ọ.