Bí a ṣe ń fi àwòrán sátẹ́láìtì mọ̀ pé omi ń wọ́n irúgbìn nínú oko ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹni tí ó ń dá oko àkùrọ̀ ní etí odò Usuma ní Gwagwalada, tàbí tí ó ní oko ẹ̀ẹ̀rùn sí Kwali nígbà tí iṣẹ́ ìjọba so ó mọ́ àárín ìlú Abuja láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kò lè máa fojú ara rẹ̀ wo ewé tòmátì lójoojúmọ́. Bí ewé bá sì ti rọ kí ó tó dé oko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ti pẹ́ jù fún apá kan irè náà. Àwòrán sátẹ́láìtì tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lè ta á lólobó ṣáájú, bí ó bá mọ ohun tí yóò wò nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wo NDVI nìkan, nọ́ńbà tí a ń ṣírò láti inú àwòrán náà, èyí tí ó ń sọ bí ewé ṣe pọ̀ tó àti bí ó ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó. Èmi kò gbára lé e fún ọ̀rọ̀ omi, nítorí àwọ̀ ewé ni ó máa ń yí padà kẹ́yìn. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, ewé á kọ́kọ́ pa àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ó fi ń mí dé. Omi kò ní máa gba ojú rẹ̀ jáde láti tù ú lára mọ́, ara rẹ̀ á sì gbóná. Lẹ́yìn èyí ni omi inú ewé fúnra rẹ̀ á dín kù. Oko lè ṣì dúdú mìnìjọ̀ lójú NDVI ní gbogbo àkókò yìí.

NDMI, nọ́ńbà tí ó ń sọ bí omi inú ewé ṣe pọ̀ tó, ni kí ẹ wò. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Copernicus Browser, ojú òpó ayélujára tí a ti ń rí àwòrán náà, ẹ wá oko yín lórí máàpù, kí ẹ sì fa ààlà yí i ká. Ẹ mú àwòrán Sentinel-2, àwọn sátẹ́láìtì tí ó ń kọjá lórí ibì kan náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì yan oríṣi tí a ń pè ní L2A dípò L1C, nítorí pé wọ́n ti yọ ipa afẹ́fẹ́ kúrò nínú L2A. Nínú àwọn àṣàyàn tí ó wà níbẹ̀, ẹ tẹ «Moisture index», tí í ṣe NDMI. Ìṣirò rẹ̀ ni (B8A − B11) ÷ (B8A + B11). B8A àti B11 jẹ́ oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì tí ojú wa kò lè rí, ṣùgbọ́n tí sátẹ́láìtì ń wọ̀n. Ewé tí ara rẹ̀ le máa ń ta ìmọ́lẹ̀ B8A padà gidigidi, omi inú rẹ̀ sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ B11 mì. Bí omi bá dín kù, B11 á pọ̀ sí i, NDMI á sì wálẹ̀.

Kò sí nọ́ńbà kan pàtó tí a lè fi ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo oko. Ẹ fi oko wé ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi wé apá kan tí ẹ gbìn lọ́jọ́ kan náà tí ẹ mọ̀ dájú pé ó ń rí omi mu. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ bomi rin ín sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú ń gbé NDMI sókè, àwòrán ọjọ́ kejì ìbomirin sì máa ń dára ju bí irúgbìn ṣe rí lọ. Nígbà tí irúgbìn ṣì kéré, erùpẹ̀ tí ó hàn ní poro á fa nọ́ńbà náà wálẹ̀ láìsí ọ̀dá kankan. Ẹ ní sùúrù títí ewé yóò fi bo ilẹ̀. Àgbàdo tí ó ti gbó náà á wálẹ̀, nítorí pé gbígbẹ ni ó yẹ kí ó máa gbẹ.

Ìwọ̀n oko ṣe pàtàkì. Igun mẹ́rin kéékèèké ni àwòrán fi kóra jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti B11 sì jẹ́ mítà 20 ní òòró àti mítà 20 ní ìbú. Púlọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 fi díẹ̀ ju ọ̀kan ṣoṣo lọ, nítorí náà ewé aládùúgbò àti ojú ọ̀nà yóò dà pọ̀ mọ́ ti yín. Láti hẹ́kítà kan sókè, tí í ṣe igun mẹ́rin 25, ni ó tó ní láárí. Ooru ara ewé, tí àwọn sátẹ́láìtì mìíràn, Landsat 8 àti 9, ń wọ̀n, tilẹ̀ fẹjú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mítà 100 ni. Ó bá àwọn oko ńlá mu, bí irú èyí tí omi ìsédò Tiga ń bomi rin ní Kadawa ní ìpínlẹ̀ Kano, kò bá àkùrọ̀ mu.

Ìkùukùu kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú ní ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń dà wá láàmú, L2A kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ wo òrùlé ìlú àti àpáta tí ó wà nítòsí: bí àwọn náà bá yí padà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú oko, eruku ni, kì í ṣe òùngbẹ. Ẹ dúró de àwòrán tí ó kàn.

Bí apá kan bá wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ pe ẹni tí ń tọ́jú oko kí ó lọ síbẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ewé tí ó rọ lọ́sàn-án tí ó sì gbérí ní òwúrọ̀ ṣì ní agbára. Èyí tí ó ṣì rọ ní òwúrọ̀ nílò omi lọ́jọ́ náà. Kí ó gbẹ́ ilẹ̀ dé ìdí gbòǹgbò kí ó sì fọwọ́ kó erùpẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá gbẹ, ẹ yẹ ẹ̀rọ ìfami àti rọ́bà rẹ̀ wò. Bí ó bá tutù tí tòmátì sì rọ, àrùn ni kí ẹ fura sí: ẹ gé ìtì kan nítòsí ìdí rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sínú gíláàsì omi tí ó mọ́ gaara, bí ohun funfun bíi wàrà bá sì ń ṣàn jáde lára rẹ̀, kòkòrò àrùn bakitéríà ni ó mú rọ, omi púpọ̀ sí i kò sì ní ràn án lọ́wọ́.