Ìmọ́lẹ̀ tí kò gbé ohùn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́, láti Bàrígà dé Ṣómólú, ẹjọ́ kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbé wá bá mi: iṣẹ́ tó yẹ kó fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn kò ṣe bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ náà rèé: ẹ gé ìdí agolo mílíìkì kúrò, ẹ fa ọ̀rá bisikíìtì tó ń dán bo ẹnu rẹ̀ kó le dáadáa, ẹ gbé spíkà sẹ́yìn agolo, ẹ tan lésà sára ọ̀rá náà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà yóò bọ́ sórí sólà kékeré, wáyà sólà yóò wọ inú ámúpílífáyà oníbátìrì, ẹ ó sì fi íyápíìsì gbọ́ orin tí spíkà ń kọ. Alexander Graham Bell àti Charles Sumner Tainter fi dígí tó ń mì àti oòrùn ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1880, ohùn sì rìn ju 200 mítà lọ. Ẹ má sọ fún mi pé kò lè ṣiṣẹ́.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan rárá.
Ẹ wo bátìrì. Ẹ wo wáyà bóyá ó ti já.

Ojú ìmọ́lẹ̀ méjì ni mò ń rí lára ògiri.
Dígí ìwojú lẹ lò. Ojú gíláàsì ń dá bíi 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, ìyókù wọlé lọ bá fàdákà tó wà lẹ́yìn. Dígí tilẹ̀ nípọn jù fún spíkà kékeré láti mì. Ọ̀rá ni mo ní kí ẹ lò: ike tín-ín-rín, àti àlùmíníọ̀mù tó tún tín-ín-rín jù ú lọ. Ojú tó ń dán ni kó kọjú sí lésà. Bó bá jẹ́ CD lẹ lò, ìlà ara rẹ̀ ti fọ́n ìmọ́lẹ̀ yín káàkiri. Ẹ gbé e sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ń jó lára ògiri, àmọ́ íyápíìsì kò sọ̀rọ̀.
Ẹ ti gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ sáàárín sólà. Ibi yòówù kó sún sí níbẹ̀, iye kan náà ni sólà ń gbà. Ẹ sún un sí etí sólà, kí ìdajì wà lórí rẹ̀, kí ìdajì wà níta. Ìgbà yẹn ni mímì yóò di ohùn.

Ṣé kí n ra lésà tó lágbára jù?
Rárá o! Èyí tó bá ju 5 mílíwáàtì lọ lè ba ojú jẹ́, ọ̀rá tó ń mì sì lè ta á sójú ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Spíkà kò kọrin, síbẹ̀ íyápíìsì ń kùn hùùù.
Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ èyí. Àwọn ọmọ kan gbé tiwọn wá bá mi ní Bàrígà. A pààrọ̀ bátìrì, ó ń kùn. A pààrọ̀ sólà, ó ń kùn. A tú gbogbo wáyà, a tún un so, ó ń kùn. Àfi bí NEPA ṣe mú iná lọ, tí gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Gílóòbù orí wa ni! Iná wa ń yí lọ yí bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gílóòbù sì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100. Ojú èèyàn kì í rí i, sólà ń rí i.

Inú àwọn ọmọ dùn. Kò pẹ́ tí aládùúgbò fi fa jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀, ni kíkùn mìíràn bá bẹ̀rẹ̀, ó rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, bí ìgbà tí ohùn ọmọkùnrin bá di ti géńdé. Bẹ́ẹ̀ gílóòbù kankan kò tàn lọ́dọ̀ wa. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí lésà, ó dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó padà. Ìyẹn ni pé inú ìmọ́lẹ̀ lésà ni kíkùn náà wà. Ẹ́ńjìnnì irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Mímì rẹ̀ gba ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì wọ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì dé ara ọ̀rá. A tẹ́ fóòmù, kò tó. Mo rán ọmọ sí fọkanáísà pé kó bá mi gba ògbólógbòó tíúbù mọ́tò. A fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, kó ṣì rọ̀, a gbé táìlì ńlá lé e, a to lésà, agolo àti sólà sórí táìlì náà. Kíkùn wálẹ̀ gan-an. Èyí tó kù ń gba inú afẹ́fẹ́ wá. A fi páálí bo gbogbo rẹ̀, a wá gbọ́ orin.

Nítorí náà, ẹ dí lésà nìkan ná. Bí kíkùn bá lọ, nǹkan ń mi ọ̀rá yín. Bí kò bá lọ, ẹ fi aṣọ dúdú bo sólà: bó bá lọ nígbà yẹn, gílóòbù ni, bí kò bá lọ síbẹ̀, wáyà yín ló ń fa iná ara ògiri mọ́ra.

Mo fi omi ọṣẹ bo ẹnu agolo dípò ọ̀rá, àwọ̀ rẹ̀ dára, àmọ́ ó ń bẹ́ kíá.
Ẹ fi gílísérínì díẹ̀ sí i, ẹ má sì ṣe é nígbà ọyẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ń ta padà láti iwájú omi náà àti láti ẹ̀yìn rẹ̀, bí omi ṣe nípọn tó ló sì ń yan àwọ̀; ìró ń ti omi káàkiri, àwọ̀ á máa yí. Bí òkè rẹ̀ bá ti dúdú, omi ibẹ̀ ti tín débi pé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ń pa ara wọn. Ó fẹ́ bẹ́ nìyẹn.

Ṣé ìró lè darí ìmọ́lẹ̀ láìsí ọ̀rá tàbí dígí?
Bẹ́ẹ̀ ni. Léon Brillouin, onímọ̀ físíìsì ọmọ Faransé, ti sọ ọ́ lọ́dún 1922. Lọ́dún 1932 ni àwọn onímọ̀ mìíràn, Debye àti Sears, pẹ̀lú Lucas àti Biquard, fi ojú rí i. Ìró ń fún inú omi tàbí gíláàsì pọ̀ níbì kan, ó ń tú u níbòmíràn, ìmọ́lẹ̀ á sì yà lára àwọn ìpele wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbì kan ṣoṣo nínú ìró tó ń mì nígbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá gùn tó bíi 80 sẹ̀ǹtímítà nínú afẹ́fẹ́, ó gùn jù fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó lè ṣe iṣẹ́ yìí ń mì ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Spíkà yòówù kí ẹ rà ní Alábà kò lè dé ibẹ̀, ẹ má fi owó òbí yín ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ físíìsì yín bá yín kọ ìwé sí yunifásítì tó wà ní Akọka, kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.