Ta ni "wọ́n"? Bí mo ṣe kẹ́kọ̀ọ́ Másítà nípa ìrònú ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wẹ́dà ni ọmọkùnrin náà, kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn kan láti jí jẹnẹrétọ̀ gbé. Nílé ẹjọ́ májísíréètì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí ni, èmi sì ni akọ̀wé kóòtù tó ń ṣe ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà. Olùpẹ̀jọ́ ka sítétímẹ́ǹtì tí ọlọ́pàá kọ fún un ní tẹ́ṣàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, "they" ló sì kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ó ní, "Wọ́n ní kí n gbé e, mo gbé e. Wọ́n sì fún mi lówó ọkọ̀." Èmi náà lanu, mo ní "they". Adájọ́ dá ọwọ́ ìkọ̀wé dúró, ó ní kí n bi í pé àwọn wo ni. Mo bi í. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé.

"Àwọn wo kẹ̀, mà? Ọ̀gá mi ni. Ọ̀gá mi nìkan ni."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Kò lè pe ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ní "ó", ó sì pè é ní "wọ́n" bí gbogbo wa ṣe ń pe àgbà. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló di ẹgbẹ́ olè nínú ìwé, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kò lè lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Tẹ́ṣàn ló kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe náà, èmi tí mo gbọ́ Yorùbá dénú egungun sì tún ṣe irú àṣìṣe kan náà níwájú adájọ́. Adájọ́ tún àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n sítétímẹ́ǹtì inú fáìlì wà bó ṣe wà. Wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù mìíràn kí ẹjọ́ náà tó parí. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń jẹ mí lọ́kàn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìwé. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn láti ìgbà tó bá ti wọ tẹ́ṣàn títí adájọ́ yóò fi ṣèdájọ́ lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ì bá ná ẹlòmíràn lówó. Orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyí jọra, ibi tí wọ́n ń gbé ni dé kò jọra rárá. Ní Ìlú Ọba, òfin dáàbò bo orúkọ oyè "forensic psychologist". Àjọ kan tó ń jẹ́ HCPC ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, ẹni tí kò bá sí nínú ìwé wọn kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí BPS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá níbẹ̀, fọwọ́ sí, kó tún ṣe Másítà tí ẹgbẹ́ kan náà fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà kó ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó fún ọdún mélòó kan. Sosiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, n kò sì fẹ́ di dókítà ọkàn ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ tí mo máa lò ní kóòtù ni mo ń wá. Nítorí náà mo mú kọ́ọ̀sì tó da ìrònú ọ̀daràn pọ̀ mọ́ ètò ìdájọ́, èyí tó ń gba ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò, wọ́dà àti irú wa wọlé. Ẹni méjì nínú kíláàsì wa ti san owó tán kí wọ́n tó mọ̀ pé oyè náà kò ní sọ wọ́n di ohun tí wọ́n ń fẹ́ dà. Ẹ bi ilé ìwé léèrè kí ẹ tó sanwó, kí ìdáhùn náà sì wà ní kíkọ sílẹ̀.

Láti ilé ni mo ti ṣe é, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún méjì, nítorí n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gba èsì Gẹ̀ẹ́sì WAEC mi dípò ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS. Gbogbo yunifásítì kọ́ ló ń gbà á, ẹ kọ lẹ́tà béèrè. Transcript, ìwé èsì mi láti yunifásítì, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, oṣù méje gbáko ló gbà kó tó kúrò níbi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ní irú èyí lọ́kàn, transcript ni kó kọ́kọ́ tọrọ, kódà kó má tíì mọ ilé ìwé tó ń lọ. Nínú lẹ́tà tí wọ́n ní kí n fi sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ka kọ́ọ̀sì náà, ìtàn ọmọ wẹ́dà ni mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fi orúkọ kankan sí i.

Sáà àkọ́kọ́ dá lórí ìbéèrè pé kí ló ń sọ ènìyàn di ọ̀daràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Cesare Lombroso, dókítà ará Ítálì tó ń wọn agbárí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó ní wọ́n bí àwọn kan ní ọ̀daràn ni, àti pé ó hàn lójú wọn. Ìmọ̀ ti ju èyí nù tipẹ́. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ "ojú olè ló ní" lẹ́nu àwọn tó kàwé. Èyí tó wúlò fún mi jù ni iṣẹ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá Terrie Moffitt ní 1993. Ó ya àwọn tó ń hùwà àìtọ́ láwùjọ sọ́nà méjì: àwọn díẹ̀ tí ìwà náà ti bá láti kékeré tí kò sì fi wọ́n sílẹ̀, àti ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n á sì jáwọ́ tí wọ́n bá dàgbà. Mo rántí àwọn ọmọdékùnrin tó ń gba iwájú mi kọjá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n nítorí wọn kò rí ẹni ṣe onídùúró béèlì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá ti jáwọ́ fúnra wọn.

Ìṣirò dátà le. Mo fi òwúrọ̀ Sátidé gbogbo kọ́ ọ, mo yege, ó tán.

Sáà kejì ni mo ti rí ohun tí mo wá. Ọ̀sẹ̀ tí a kà nípa iyè àwọn ẹlẹ́rìí, n kò sùn dáadáa. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì bi wọ́n pé báwo ni àwọn ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà nínú ìbéèrè. Àwọn tí wọ́n bi bíi pé àwọn ọkọ̀ náà "fọ́ mọ́ra wọn" sọ pé nǹkan bí máìlì 41 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bi bíi pé wọ́n "fara kanra" sọ pé nǹkan bíi 32. Fíìmù kan náà ni wọ́n wò o. Nínú ìdánwò tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì fífọ́. Nínú àádọ́ta tí wọ́n fi "fọ́ mọ́ra" bi, 16 ní àwọn rí i. Nínú àádọ́ta tí wọ́n fi "gbá" bi, 7 ni. Kò sí gíláàsì fífọ́ kankan nínú fíìmù náà.

Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo ń ronú iye ìgbà tí mo ti yí ìbéèrè agbẹjọ́rò sí Yorùbá, tí mo fi "gbá" síbi tí ó ti ní "touch", tàbí tí mo fi "já gbà" síbi tí ó ti ní "take".

Lẹ́yìn náà la kan ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́. Ní oṣù kẹrin 1972, wọ́n pa Maxwell Confait ní Catford, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ́ mẹ́ta ni wọ́n mú, ọmọ ọdún 18, 15 àti 14. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, orí rẹ̀ kò pé tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ́wọ́ láìsí òbí tàbí agbẹjọ́rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ń bi wọ́n, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi. 1975 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó fagi lé e. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó bí òfin PACE ti 1984, tó sọ ọ́ di dandan kí wọ́n máa gba ohùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sílẹ̀, tí àgbàlagbà kan yóò sì jókòó ti ọmọdé tàbí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò dá ṣáṣá.

Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ wú mi lórí jù ni Gisli Gudjonsson. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀ ní Iceland kó tó di onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá. Ó gbé ìdánwò kan jáde ní 1984. Wọn yóò ka ìtàn kúkúrú kan fún ènìyàn, wọn yóò bi í ní ìbéèrè ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ìdáhùn tí kò sí nínú ìtàn há lẹ́nu. Tó bá tán, wọn yóò le ojú mọ́ ọn pé ó ṣe àṣìṣe, kó tún dáhùn dáadáa. Wọn yóò wá ka iye ìgbà tó gbà ohun tí wọ́n fi há a lẹ́nu, àti iye ìgbà tó yí ọ̀rọ̀ padà nítorí ojú líle. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ohun tó ran Engin Raghip lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá lẹ́bi ikú ọlọ́pàá kan nínú ìjà ìgboro Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù ti 1985, tí kóòtù fagi lé ẹ̀bi wọn ní 1991.

Níbi tí mo ti ń ka bí wọ́n ṣe ń le ojú mọ́ ènìyàn ni mo ti rántí ilé wa. Bí àgbà bá ní "tún un sọ dáadáa", ọmọ yóò yí ohun tó sọ padà kí àlàáfíà lè wà. Bí ọ̀rọ̀ bá le, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹ̀bi, ẹ foríjì mí," kódà kó má mọ ohun tó ṣe. Ìbọ̀wọ̀ ni a kà á sí nílé, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ni yóò jẹ́ ní tẹ́ṣàn. "Mo gbà" tún wà níbẹ̀, tó lè jẹ́ pé mo gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, tó lè jẹ́ pé mo gba ohun tí o sọ, tó sì lè jẹ́ pé mo gbà pé mo ṣe é. Ẹni tó ń sáré kọ Gẹ̀ẹ́sì ló máa yan ọ̀kan.

Èyí ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìkẹyìn. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ bá àwọn tó ń retí ìdájọ́ sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wà nínú ọgbà ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò dá a padà. Wọ́n bi mí pé, ṣé ẹni tó wà látìmọ́lé lè kọ̀ fún mi lóòótọ́, èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ kóòtù? Bó bá sọ ohun tó lè ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́ fún mi, ibo ni máa fi pamọ́ sí? Ó dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà gan-an ni ohun tí mo ń kọ̀wé lòdì sí.

Òfin àti ìdájọ́ tó ti wà nílẹ̀ ni mo wá lọ tú palẹ̀. Mo fi oṣù mẹ́rin ka ìwé ìdájọ́ lóru, nígbà tí iná bá wà àti nígbà tí kò bá sí. Òfin wa kò burú. Abala 17 nínú òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ pé bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni kó kọ sítétímẹ́ǹtì náà, kó kà á sí i létí títí yóò fi yé e, kí ògbufọ̀ sì kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Abala 15 sọ̀rọ̀ fídíò fún ìjẹ́wọ́. Èkó ti fi irú rẹ̀ sínú òfin tirẹ̀ láti 2007. Àwọn kóòtù wa pẹ̀lú ti ń tẹnu mọ́ ọn tipẹ́ pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí ẹni náà fi sọ̀rọ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ògbufọ̀ sì wá jẹ́rìí. Nínú ọ̀pọ̀ fáìlì tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo bá, n kò rí orúkọ ògbufọ̀ kankan.

Ojú ìwé 60 ni iṣẹ́ náà. Orí tó dá lórí "wọ́n" ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà fẹ́ràn jù, obìnrin ará Wales tí kò gbọ́ Yorùbá kankan. Mo fi ìpele kejì jáde, inú mi sì dùn sí i.

N kò fi kóòtù sílẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé bí ẹnì kan bá ti wí "wọ́n", mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kí n tó túmọ̀ rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò kan ń kùn pé mò ń fa àkókò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta epo pupa wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó ní, "Wọ́n já wọlé, wọ́n sì gbé àpótí owó mi." Mo tọrọ àyè. Mo ní, "Ìyá, ẹni mélòó ni?"

Ó ní, "Ẹnì kan ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni."