Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ fíìmù àwọn ọmọbìnrin Cid

Ìyá mi fẹ́ràn fíìmù tí àwọn èèyàn ti ń gun ẹṣin tí wọ́n sì ń fi idà jà ju irú fíìmù mìíràn lọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kì í yé wọn. Ìbéèrè wọn kì í sì í tán: ọmọ ta nìyí, ta ló ṣẹ̀ ẹ́, kí ló dé tí ọba fi lé e kúrò nílùú? Ní ọdún tó kọjá, mo pinnu pé dípò kí n máa jókòó tì wọ́n láti túmọ̀ láàárín ìjà, màá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n lè máa kà á fúnra wọn bí wọ́n ṣe ń ka Bíbélì wọn.

Èyí tí mo yàn ni fíìmù tí àwọn ará Sípéènì àti Ítálì jọ ṣe ní 1962, tí Miguel Iglesias darí. Orúkọ méjì ló ní: àwọn ará Sípéènì pè é ní Las hijas del Cid, ìyẹn Àwọn Ọmọbìnrin Cid (jagunjagun Sípéènì àtijọ́ kan ni Cid), àwọn ará Ítálì sì pè é ní La spada del Cid, ìyẹn Idà Cid. Ní 1961, ọdún kan ṣáájú, ni fíìmù olówó gọbọi tí Charlton Heston àti Sophia Loren ṣe nípa Cid kan náà jáde, kò sì sí ẹni tó máa wo méjèèjì tí kò ní mọ̀ pé owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe tèmi. Síbẹ̀ òun ni mo fẹ́, nítorí ibi tí ìtàn ti dun ọkàn jù lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àwọn ọmọbìnrin náà, ni fíìmù ńlá yẹn kò dé rárá.

Kí n tó kọ ìlà kan, mo ka ewì tí ìtàn náà ti wá. Rodrigo Díaz de Vivar, tí wọ́n ń pè ní Cid, jẹ́ jagunjagun tó gbé ayé lóòótọ́. Ó gba ìlú Valencia ní 1094, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1099. Ewì tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ju ẹsẹ 3,700 lọ, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù sì wà ní ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Madrid. Ní òpin apá kejì rẹ̀, àwọn ọmọ ọlọ́lá méjì láti Carrión, Diego àti Fernando, fẹ́ àwọn ọmọbìnrin Cid nítorí owó; nínú apá kẹta, wọ́n gba ẹrù àti idà méjì lọ́wọ́ àna wọn, wọ́n sì mú àwọn ìyàwó wọn dé igbó Corpes, níbi tí wọ́n ti fi okùn gàárì àti kẹ́sẹ́ lù wọ́n títí wọ́n fi dákú, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹranko. Akéwì ló pe àwọn ọmọ náà ní Elvira àti Sol; Cristina àti María ni orúkọ àwọn ọmọbìnrin Rodrigo gan-an, ọ̀rọ̀ igbó Corpes kò sì sí nínú ìtàn ìgbésí ayé wọn.

Subtitle Edit, ètò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ṣiṣẹ́. Fáìlì tó ń jáde níbẹ̀ kò le: nọ́ńbà, àkókò tí ọ̀rọ̀ máa yọ àti àkókò tí ó máa lọ, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà òfìfo kan. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi ìlà kan mọ sí nǹkan bí lẹ́tà 42, wọn kì í sì í kọ ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ̀ lé e, mo sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ han ìyá mi. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Mo dín ìlà kù sí lẹ́tà 32, mo jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó kéré tán, mo sì yọ orúkọ tí wọ́n ń pè lápètúnpè kúrò.

Ètè àwọn òṣèré náà fún mi ní wàhálà. Ní Ítálì àti Sípéènì ìgbà náà, inú sítúdíò ni wọ́n ti sábà máa ń fi ohùn sí fíìmù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yà á tán, nítorí náà ohùn àti ètè kì í bára mu. Odindi òru méjì ni mo fi ń wo ètè láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó fi ojú sílẹ̀ tí mo sì ń fi etí nìkan ṣe é.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ tó kéré jù. Nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní, "you" ni ọba, ìránṣẹ́, bàbá àti ọ̀tá. Yorùbá kò gba bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìlà ni mo ti gbọ́dọ̀ yàn bóyá "o" ni tàbí "ẹ". Ewì náà ló là mí lójú, nítorí èdè Sípéènì àtijọ́ pẹ̀lú ní ti ọ̀wọ̀ àti ti ojúlùmọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ tí Cid pe àwọn ọkọ náà dé iwájú Ọba Alfonso ní Toledo, Pero Vermúdez, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Cid tí kì í lè tètè sọ̀rọ̀, dojú kọ Fernando, kò sì fi ọ̀wọ̀ kankan pè é: "Ahọ́n tí kò lọ́wọ́, báwo lo ṣe láyà láti sọ̀rọ̀?" Ìlà yìí ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa fi "ẹ" bá àwọn ọkọ náà sọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí ìwà wọn tú, lẹ́yìn ìyẹn "o" ni. Ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n, "ẹ" sì tún ni a ń pe èèyàn méjì, kódà bí a bá ń bú wọn. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti dúró pọ̀, mo là á sí méjì: "Ìwọ, àti ìwọ náà."

Ọ̀rọ̀ ẹrù ìgbéyàwó náà le. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ló ń gbé ẹrù ìdána wá. Níbẹ̀, Cid ló fún àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ ní 3,000 owó máàkì àti àwọn idà Colada àti Tizón. Bí mo bá kọ "owó orí", ìyá mi máa rò pé àwọn ọkọ ló san án, ẹ̀ṣẹ̀ wọn á sì fúyẹ́. Mo kọ "ẹrù tí bàbá ìyàwó dì fún wọn". Ó gùn, ṣùgbọ́n mi ò gé e.

Fún Campeador, oyè tí wọ́n fi ń pe Cid, "Balógun" ni mo lò, mo sì fi "Kábíyèsí" mọ sọ́dọ̀ Alfonso nìkan. Fún orúkọ fíìmù náà, mo fi idà sílẹ̀, mo sì mú àwọn ọmọbìnrin, nítorí àwọn ni ìyà jẹ.

Nígbà tí mo parí, mo rí ẹ̀dà mìíràn tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù, ṣùgbọ́n bí fíìmù ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ mi ń pẹ́ sí i lẹ́yìn ohùn. Àwòrán 24 ni ti àkọ́kọ́ ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti èkejì jẹ́ 25 bíi ti tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, èyí tó ń gé ju ìṣẹ́jú méjì lọ kúrò nínú wákàtí kan. Àṣẹ kan wà nínú ètò náà tó ń yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àmì ohùn ló kù: tẹlifíṣọ̀n ìyá mi ń fi àpótí kéékèèké hàn níbi tí "ẹ́" àti "ọ̀" wà. Mo tọ́jú fáìlì náà ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú ọ̀rọ̀ tó gba àmì ohùn, kò tó. Ìgbà tí mo fi HandBrake, ètò tí wọ́n fi ń yí fídíò padà, lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwòrán pátápátá ni ó tó hàn bó ṣe yẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni a jọ wò ó. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dé ibi tí ẹnì kan nínú àwọn èèyàn Cid ti dojú kọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ náà, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Dá a padà. Ó pè é ní ìwọ."